Kókó Òwú Inú Bàtà

Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ sá Ọ̀nà Àna láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bíríkìlà ni. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́ta nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi ipá mú un.

Tíṣà, ìwọ kì í ṣe ọmọ ìlú wa, o lè má mọ ọ̀nà tí mò ń wí. Ẹ̀yìn ọjà wa níbí ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó gba inú oko kòkó, ó kọjá odò mẹ́ta, ó gun òkè mẹ́rin, ó sì sọ̀kalẹ̀ sí ìlú kejì. Máìlì márùndínlógójì ni. Kí wọ́n tó la títì ọlọ́dà tó yí gba ibòmíràn, ọ̀nà yìí ni àwọn ọkùnrin ìlú wa ń tọ̀ lọ kí àna wọn, nítorí ìlú kejì ni púpọ̀ nínú wọn ti ń fẹ́yàwó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀nà Àna. Ẹni tó bá jáde ní ìdájí, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá, yóò dé kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá yá, inú igbó ni yóò sùn, àna rẹ̀ yóò sì gbọ́.

Ẹgbẹ́ kan wà ní ìlú wa tó ń sáré ní àràárọ̀ Sátidé. Àwọn àgbàlagbà tí ikùn ti ń ṣíwájú wọn wọlé ló dá a sílẹ̀, àwọn tí dókítà ti kìlọ̀ fún. Wọ́n á sá dé ibi kan, wọ́n á dúró mí, wọ́n á máa fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n gbé àdá, wọ́n lọ pa igbó tó ti bo Ọ̀nà Àna. Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, bí òjò bá ti dáwọ́ dúró, ẹnì kan nínú wọn ni yóò sá a já.

Òfin wọn kò pọ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń sáré ni yóò gbé e dé òpin. Wọn kò gbọdọ̀ pọ̀n ọ́n, wọn kò sì gbọdọ̀ gbé e sórí ọ̀kadà. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dá lọ. Nígbà ayé àwọn baba wọn, kò sí ọkùnrin tó ń dá lọ sílé àna, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní í sìn ín. Nítorí náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á pín ara wọn sójú ọ̀nà. Ẹni tó gbé omi á dúró níbì kan, ẹni tó mọ ìtọ́jú ọgbẹ́ á dúró níbòmíràn, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù á bá a sá ibi tó le jù.

Ìyá bíríkìlà yìí ń gbé ní ìlú kejì. Ọmọ ibẹ̀ ni, lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ló padà sílé bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti ń lọ. Bí oòrùn bá wà lókè, ó ṣì máa ń rí bí ènìyàn ṣe ń rìn lọ́ọ̀ọ́kán, kò kàn ní mọ irú aṣọ tó wọ̀ ni. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kò rí nǹkan kan mọ́. Àwọn tó ń tọ́jú ojú fún un ti sọ ọ́ láìfi bò pé èyí tó kù náà kò ní pẹ́ lọ.

Ìyá náà wá pe ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní: "Nígbà tí bàbá rẹ ń fẹ́ mi, orí òkè tó kọjú sílé wa yìí ni mo ti máa ń rí i. Á máa sọ̀kalẹ̀ bọ̀, á máa ju apá òsì bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Èmi á ti mọ̀ pé òun ni kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún mi. Ìwọ nìkan lo mú ìrìn yẹn nínú gbogbo ọmọ tí mo bí. Ọkọ mi, mo fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí ojú yìí tó pa dé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin náà lára. Ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní òun ni yóò sáré lọ́dún náà. Wọ́n gbà fún un. Kì í ṣe pé ó fẹ́ gba ife ẹ̀yẹ tàbí pé ó fẹ́ kí a pàtẹ́wọ́ fún òun. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá ni pé kí òun yọ lórí òkè yẹn kí oòrùn tó wọ̀, kí ìyá òun rí òun.

Aránbàtà kan wà nínú ẹgbẹ́ náà, ọ̀rẹ́ bíríkìlà láti kékeré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú ju èkejì lọ, kì í sáré, ṣùgbọ́n kò sí ìpàdé tí kì í wá. Nígbà tó gbọ́ ohun tí ìyá wí, ó gba bàtà ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ya àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti jẹ, ó fi tuntun sí i, ó fi òwú líle rán an yíká, ó sì tẹ́ awọ rírọ̀ sínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní òun kò lè sáré, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ òun yóò dé orí òkè náà.

Nọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹgbẹ́ sọ fún bíríkìlà pé kó fi bàtà náà sáré fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ọjọ́ tó pé. Bíríkìlà ní òun gbọ́. Ó fi sáré lẹ́ẹ̀kan péré, láti ilé dé ọjà, ó wá gbé e kọ́. Ó ní òun kò fẹ́ kó dọ̀tí.

Ọjọ́ pé. Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni wọ́n sìn ín jáde lẹ́yìn ọjà. Ara rẹ̀ le, inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n kó tó rin máìlì márùn-ún, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní gìgísẹ̀ ọ̀tún. Kókó òwú kan ni. Ibi tí aránbàtà ti so òwú rẹ̀ pọ̀ nínú bàtà ni, awọ tó fi bò ó ti sún kúrò lórí rẹ̀. Kò tóbi ju wóró ìrẹsì lọ.

Ní odò àkọ́kọ́, ta ló jókòó síbẹ̀? Aránbàtà fúnra rẹ̀. Ó ti tẹ́ ẹní, ó ti to irin ìránbàtà, ọ̀bẹ àti òwú sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù sójú odò. Ó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó dìde.

"Kú ìrìn o! Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"A dúpẹ́."

"Bàtà ńkọ́? Ṣé kò ta ọ́?"

"Háà, bàtà yìí dùn. Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ."

Aránbàtà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bíríkìlà wo ẹ̀rín yẹn, ó ní nínú ara rẹ̀ pé báwo ni òun ṣe fẹ́ sọ fún ọkùnrin yìí pé ẹ̀bùn rẹ̀ ń gún òun. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣe é. Kó máa gún òun lọ. Ó kọjá odò.

Tíṣà, má rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la mọ ọ̀nà yìí. Ọmọ Yorùbá tí iná ń jó àjà ilé rẹ̀, tí o bá kí i pé ṣé dáadáa ni, á kọ́kọ́ ní a dúpẹ́ kó tó bẹ̀ ọ́ pé kí o gbé omi wá. Bí a ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ìwà tó dára ni, n kò sọ pé kò dára.

Èmi ni mo wà ní ibùdó kejì, níbi máìlì mẹ́tàdínlógún. Mo gbé omi dání, mo gbé ọsàn, iyọ̀ àti ẹ̀kọ tútù. Mo rí i bó ṣe ń bọ̀ nínú oko kòkó. Ẹsẹ̀ òsì ń tẹlẹ̀ dáadáa, ọ̀tún ń fi ọmọ ìka nìkan kan ilẹ̀. Mo ní: "Kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ yẹn?" Ó ní: "A dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀nà ló ń yọ̀." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyẹn tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn. Ilẹ̀ gbẹ, ó ń pariwo lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti dá mi lóhùn, ìdáhùn rẹ̀ kò sì bu iṣẹ́ fún mi. Mo ní Ọlọ́run á ṣe é. Ó mu omi, ó jẹ awẹ́ ọsàn méjì, ó lọ. Mo jókòó padà. Ó dùn mọ́ mi pé iṣẹ́ tèmi ti parí.

Kí n sọ òótọ́, ìjókòó yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ní máìlì kẹrìnlélógún, ní ẹsẹ̀ òkè kẹta, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì, oògùn àti abọ́ omi gbígbóná. Aago méjì ọ̀sán ni. Àyè ṣì wà dáadáa. Bí ó bá jókòó fún ìdajì wákàtí níbẹ̀, yóò ṣì dé kí oòrùn tó wọ̀. Nọ́ọ̀sì ní: "Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n wo ẹsẹ̀ yín." Bíríkìlà rántí pé nọ́ọ̀sì ti sọ fún òun kí òun fi bàtà yẹn sáré fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó mọ̀ pé tí òun bá bọ́ bàtà, nọ́ọ̀sì á rí ẹ̀jẹ̀. Ó ní ojú á ti òun jù, pé nọ́ọ̀sì sì lè ní kí òun má lọ mọ́.

Ó ní: "A dúpẹ́, Nọ́ọ̀sì. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Kò tilẹ̀ jókòó.

Láti ibẹ̀, onígbàjámọ̀ kan ni yóò bá a sá òkè kẹta. Ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí yá ju ti gbogbo ẹgbẹ́ lọ, ó sì ti ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní Sátidé, ọjọ́ tí orí pọ̀ jù láti fá, nítorí pé ó fẹ́ sin bíríkìlà sọ́nà. Ó ṣíwájú, ó ń sáré bí ó ṣe máa ń sáré. Ó rò pé bí òun bá ṣe yá tó ni òun ṣe ṣèrànwọ́ tó. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni bíríkìlà ní láti sọ: rọra. Kò sọ ọ́. Ó ní ẹni tó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa nítorí òun, òun kò lè tún máa pàṣẹ fún un. Ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ sá gun òkè, orúnkún rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú.

Jẹ́ ká padà sí odò àkọ́kọ́ díẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, aránbàtà kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sọdá odò lórí òkúta láti gba ibi tó já sí títì lọ sílé. Ní òdìkejì, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀, ó rí ipa bàtà ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìlà àtẹ́lẹsẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé ni, kò lè ṣì í mọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè wò ó, inú rẹ̀ ń dùn. Ipa ẹsẹ̀ òsì pé, láti ọmọ ìka dé gìgísẹ̀. Ti ọ̀tún, iwájú nìkan ló wà nílẹ̀. Ó wo èkejì, bákan náà ni. Ó wo ẹ̀kẹta. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ran bàtà, ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó nàró.

Ó já sí títì bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe mọ, ó dá ọ̀kadà dúró, ó ní kó gbé òun yí po lọ sí ẹsẹ̀ òkè kẹta. Nígbà tó débẹ̀, bíríkìlà ti lọ. Nọ́ọ̀sì ní: "Ó ní a dúpẹ́." Aránbàtà ní: "Èmi náà ló sọ ọ́ fún." Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Orí àpáta kan ni wọ́n ti bá a, níbi máìlì ọgbọ̀n, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀. Ó ti jókòó, kò lè dìde. Onígbàjámọ̀ dúró tì í, kò mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe, ó kàn ń bi í pé: "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Kí ló dé?" Bíríkìlà ya ẹnu láti sọ pé a dúpẹ́, ẹkún ló jáde.

Aránbàtà sún mọ́ ọn. Ó kúnlẹ̀, ó bọ́ bàtà náà. Ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹran ara. Ó ki ọwọ́ bọ inú bàtà, ó fi àtàǹpàkò wá a, ó kàn án.

"Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ."

"Kí o tó dé ọ̀dọ̀ mi." Aránbàtà yọ ọ̀bẹ, ó gé kókó òwú náà, ó fi èékánná tẹ ibẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún awọ tẹ́ lé e. Kò tó ìgbà tí ènìyàn fi ń fun imú. Ó gbé bàtà náà sílẹ̀. "Mo jí ní aago mẹ́rin. Mo gbé ẹní, mo gbé ọ̀bẹ, mo lọ jókòó sétí odò, ẹ̀fọn ń jẹ mí. Kí lo rò pé mo lọ ṣe níbẹ̀? Ṣé kí o lè yìn mí ni?"

"N kò fẹ́ kó dùn ọ́ ni."

"Ó wá ń dùn mí báyìí ńkọ́?"

Inú bí i gan-an, Tíṣà. Ọ̀rẹ́ wọn tó ogójì ọdún, n kò sì gbọ́ pé ó bínú sí i báyẹn rí. Nọ́ọ̀sì wẹ ẹsẹ̀ náà, ó dì í. Gìgísẹ̀ ti bó, orúnkún ti wú bí ọmọ àgbọn. Kò sí ohun tó ń gún un mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti bà jẹ́ kò ní dá ní ọjọ́ yẹn.

Ó dìde, ó ń rìn. Wọn kò lè gbé e, òfin kò gbà, òun náà kò sì jẹ́ gbà. Máìlì márùn-ún ló kù. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé á rìn ín ní wákàtí kan àti ààbọ̀, kó sì tún fi ayọ̀ sọ̀kalẹ̀. Oòrùn wọ̀ nígbà tó ṣì wà lẹ́yìn òkè kẹrin.

Ní ìlú kejì, láti aago mẹ́rin ni wọ́n ti gbé àga ìyá síta. Ó wọ aṣọ tó dára, ó kọjú sí òkè. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin jókòó tì í. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ìyá á ní: "Ṣé ẹnì kankan wà lórí òkè?" Wọ́n á ní kò tíì sí. Nígbà tí adìẹ ń wọlé, ó tún béèrè. Wọ́n ní kò tíì sí. Ó wá ní: "Ẹ gbé àga wọlé. Èmi kò rí òkè náà mọ́."

Bíríkìlà dé lẹ́yìn náà, ó di ògiri mú wọlé. Wọ́n fún un lónjẹ, wọ́n fún un níbùsùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ní kó na ẹsẹ̀ sí òun. Ó fi ọwọ́ wá ọgbẹ́ náà títí tó fi mọ bó ṣe tóbi tó.

"Àwọn wo ló wà lójú ọ̀nà?"

Ó ka gbogbo wọn. Aránbàtà, èmi, nọ́ọ̀sì, onígbàjámọ̀.

"Gbogbo wọn yìí, o ò rí ẹyọ ẹnì kan sọ fún?"

Ó fẹ́ fa ẹsẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá ní: "Bàbá rẹ? Bí ẹ̀gún bá gún un lọ́nà, gbogbo olóko ló ń gbọ́. Ariwo rẹ̀ ni wọ́n fi máa ń mọ̀ pé ó ń lọ sílé àna." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó di ẹsẹ̀ náà mú, kò fi í sílẹ̀.

Ọdún yí po. Ọkùnrin náà bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun tún sáré, wọ́n gbà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó ní omi mi gbóná jù, kí n wá tútù. Ó ní kí aránbàtà tú ìdí bàtà rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ó jókòó fún nọ́ọ̀sì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Onígbàjámọ̀ ní etí òun ti kún fún "rọra, rọra" tí òun gbọ́ lọ́jọ́ náà, pé òun kò ní sin bàbá oníjàngbọ̀n yìí mọ́ láyé, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago márùn-ún lù, bíríkìlà yọ lórí òkè. Oòrùn ṣì ga. Ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, ó ń ju apá òsì. Gbogbo àdúgbò hó.

Ìyá rẹ̀ wà níta, wọ́n ti gbé àga rẹ̀ sí ibi tó wà lọ́dún tó kọjá. Ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ni ojú rẹ̀ ti pa pátápátá. Ó gbọ́ ariwo, ó sì yíjú sí ibi tí ariwo ti ń wá, ìyẹn sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn. Ọmọ àbúrò rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì mú un lórí, ó yí i síbi òkè.

Ìyá ní: "Ṣé ó ń ju apá yẹn?"

Wọ́n ní ó ń jù ú.

Ó mi orí.

Ohun tí mo wá sọ nìyẹn, Tíṣà, ìwọ ni mo sì ń bá wí.

Oṣù kẹrin rèé tí rọpárọsẹ̀ ti dá ìyàwó rẹ dùbúlẹ̀. Dókítà sọ lójú mi pé oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ yìí ni kí ẹ máa gbé e wá sí ilé ìwòsàn ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n máa na ẹsẹ̀ yẹn fún un, torí ìgbà yìí ni ẹsẹ̀ náà ṣì lè kọ́ ìrìn padà. Lánàá ni mo pàdé obìnrin tó ń na ẹsẹ̀ náà fún un. Ó bi mí pé ṣé ẹ ti kó kúrò nílùú ni. Ó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ wá, pé òun kò tún fojú kàn yín mọ́.

Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ wá síbí, o ní a dúpẹ́. Àwọn ìyá ìjọ wá, wọ́n ní àwọn fẹ́ bá ọ wẹ̀ ẹ́, o dúró sẹ́nu ọ̀nà, o ní a dúpẹ́, ó ń sùn. Èmi wá lẹ́ẹ̀mejì, mo gba a dúpẹ́ tèmi, mo lọ sílé lọ jẹun. Lónìí, bí mo ṣe wọlé, mo rí bí o ṣe di ìbàdí mú kí o tó lè dìde kí mi. Ìwọ nìkan lò ń gbé e láti bẹ́ẹ̀dì sórí àga, láti orí àga sí balùwẹ̀. O kò wá lè gbé e dé inú mọ́tò mọ́. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, bẹ́ẹ̀ ènìyàn kì í ṣe ẹrù.

Mo mọ ohun tó dí ọ lẹ́nu. O ní obìnrin tó máa ń múra dáadáa ni, kò ní fẹ́ kí ojú rí òun báyìí. O ní àjèjì lo jẹ́ nílùú yìí, a ti gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀, o kò fẹ́ kó di pé o ń ni wá lára. Ìfẹ́ ló fa èyí àkọ́kọ́, ẹ̀kọ́ ilé ló fa èkejì. Bíríkìlà náà ní ìdí tirẹ̀, kò sì sí èyí tí a lè fi bá a jà. Àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìbá tilẹ̀ sàn bó bá jẹ́ tara rẹ̀ nìkan ni. Gìgísẹ̀ tirẹ̀ jinná láàárín oṣù kan. Ẹni tó jókòó sórí àga, tó ń retí rẹ̀, ni kò rí ohun tó ń retí.

A dúpẹ́ kò burú. Ọlọ́run ni à ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí o bá ti dúpẹ́ tán, sọ ìyókù.

N kò dá wá. Àwọn mẹ́ta wà lábẹ́ igi lóde yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ní mọ́tò, àwọn méjì tó kù lágbára. N kò tíì ro ẹjọ́ rẹ fún wọn, torí kì í ṣe ẹnu mi ló ti yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ. Mo kàn ní kí wọ́n tẹ̀ lé mi ni. Aago mẹ́wàá ti lù, àwọn tó ń na ẹsẹ̀ kì í ṣíwọ́ títí di aago méjìlá. Mo ń dìde lọ bá wọn báyìí, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa bi mí ni pé ilé Tíṣà ńkọ́.

Kí ni kí n sọ fún wọn?